Ṣé Ọmọ Bíbí Ìdílé M5 Ni BMW M5 Tuntun? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Láti oṣù Kẹfà ọdún 2024 tí BMW ti fi M5 tuntun han aráyé, ariwo àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ kò tíì rọlẹ̀. Àwọn kan ní ọkọ̀ náà ti sanra jù, àwọn kan ní bátìrì ò ní iṣẹ́ kankan nínú M5. Àwọn tó le jù nínú wọn ní orúkọ nìkan ló kù. Mo kó àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ náà sí.

Kí ni M5 gan-an? Ṣé kì í ṣe BMW 5 lásán tí wọ́n lẹ lẹ́tà M mọ́ lára ni?

Rárá o. BMW 5 ni sàlúùnù tó wà láàárín 3 àti 7, ọkọ̀ ọ̀gá ilé iṣẹ́, ọkọ̀ dókítà, ọkọ̀ olórí ilé. M5 ni èyí tí wọ́n gbé fún ẹ̀ka BMW M kí wọ́n tún un ṣe láti inú wá. Ọdún 1972 ni wọ́n dá ẹ̀ka náà sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ BMW Motorsport GmbH, Jochen Neerpasch ló kọ́kọ́ darí rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbé lé wọn lọ́wọ́ ni kí wọ́n máa fi ọkọ̀ BMW díje lórí pápá. Ọdún 1993 ni orúkọ yí padà sí BMW M GmbH. Tí ọkọ̀ bá kọjá lọ́wọ́ wọn, ẹ́ńjìnnì, bíréèkì, ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti sítíárì ni wọ́n ń tún ṣe. Àmì M tí wọ́n ń tà ní ọjà, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ bùútù 520i káàkiri ìgboro, kò bá èyí tan rárá.

Ibo ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀?

M535i ló ṣáájú, ní nǹkan bí ọdún 1980, àmọ́ M5 fúnra rẹ̀ yọjú ní ibi àfihàn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní Amsterdam ní oṣù Kejì ọdún 1985. E28 ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é, torí orúkọ tí BMW fún ìran BMW 5 ìgbà náà nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ wá láti ìdílé ti M1, ọkọ̀ eléré tí BMW ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ó ní sìlíńdà mẹ́fà tó tò lórí ìlà kan, lítà 3.5, fáàfù mẹ́rìnlélógún, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan sì ní ẹnu tó ti ń fa afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Agbára ẹṣin 286 ló ní, ó sì lè sá kìlómítà 245 ní wákàtí kan. BMW kéde nígbà náà pé kò sí sàlúùnù tó yá jù ú lọ lágbàáyé.

Ohun tó wú mi lórí jù nípa rẹ̀ ni bó ṣe rí lójú. Tí ẹ bá gbé E28 M5 tí wọ́n tà ní Yúróòpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ 528i, ẹ máa ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó rí ìyàtọ̀: àmì kékeré kan níwájú, òmíràn lẹ́yìn, táyà tó fẹ̀ díẹ̀ sí i, ara tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i. Kò sí ìyẹ́ gàgàrà lórí bùútù. Ọwọ́ ni wọ́n fi to gbogbo rẹ̀, kò sì ju ẹgbẹ̀rún méjì ó lé díẹ̀ lọ tí wọ́n ṣe. Wọ́n tilẹ̀ to díẹ̀ nínú wọn ní Rosslyn lẹ́bàá Pretoria, ní South Africa, níbi tí ilé iṣẹ́ BMW àkọ́kọ́ lẹ́yìn òde Jámánì wà.

Kí wá ni ogún tí gbogbo yín ń sọ yìí? Ṣé agbára ni, àbí jíà ọwọ́, àbí irú ẹ́ńjìnnì?

Ibí gan-an ni àríyànjiyàn ti ń dojú rú. M5 tí oníkálukú bá nígbà èwe rẹ̀ ló máa ń kà sí ogún. Ẹni tó dàgbà pẹ̀lú E34 (1988 sí 1995) á ní dandan ni sìlíńdà mẹ́fà àti kí wọ́n fi ọwọ́ to ọkọ̀ náà. Ẹni tí E39 gbà lọ́kàn á ní V8 (ẹ́ńjìnnì oní sìlíńdà mẹ́jọ) àti jíà ọwọ́ ni ògidì. Àwọn ọmọ E60 ò sì fẹ́ gbọ́ ohun mìíràn ju igbe V10 lọ.

Ẹ yẹ ìtàn náà wò dáadáa, ẹ ó rí i pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí M5 kan tí kò da ohun tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ fi ṣe ìgbéraga nù. E39 ju sìlíńdà mẹ́fà sílẹ̀, wọn ò sì fi ọwọ́ to ó mọ́. Orí ìlà iṣẹ́ ní Dingolfing ló ti jáde. E60 gba jíà ọwọ́ kúrò, àfi ní Àríwá Amẹ́ríkà níbi tí àwọn oníbàárà ti fárígá. F10 gbé tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fipá ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, wọlé ní 2011. F90 jẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fa ọkọ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn ń sọ pé ó ti parí.

Nítorí náà, mi ò lè ka ogún M5 sí irú ẹ́ńjìnnì kan. Ohun tí gbogbo wọn jọ ní ni mo ń wò: ọkọ̀ tó ń gbé ìyàwó àtọmọ lọ sí òde ní Sátidé, tó lè lé ọkọ̀ eléré bá lórí ọ̀nà tó dán, tí àwọn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ò sì ní fura sí i. Mo fi ọ̀kan kún un: ẹni tó ń wà á gbọ́dọ̀ mọ̀ lọ́wọ́ àti nídìí ohun tí táyà ń ṣe. Èyí ni màá fi wọn tuntun.

Èwo nínú àwọn àgbà ló yẹ kí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́?

E39, láìsí iyèméjì. Wọ́n ṣe é láti 1998 dé 2003, V8 lítà 4.9 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, agbára ẹṣin rẹ̀ jẹ́ 400, jíà ọwọ́ mẹ́fà nìkan ló sì ní. Ìwọ̀n rẹ̀ tó kìlógíráàmù 1,800, èyí tí wọ́n kà sí púpọ̀ nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kékeré kan tó fi ọgbọ́n àwọn tó ṣe é hàn. Lórí aago tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, iná kéékèèké aláwọ̀ ọsàn wà ní etí rẹ̀. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀ láàárọ̀, tí ọ́ìlì ṣì tutù, àwọn iná yẹn á tàn láti sọ ibi tí ẹ kò tíì gbọdọ̀ kọjá. Bí ọ́ìlì ṣe ń gbóná ni wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àyè ń ṣí sílẹ̀ fún yín díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ náà ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ń kọ́ ọ ní sùúrù.

E60 tó tẹ̀lé e yàtọ̀ pátápátá. V10 lítà 5.0, agbára ẹṣin 507, ó ń yí dé 8,250 ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí wọ́n ṣe é, BMW ṣì ń ṣe ẹ́ńjìnnì V10 fún ẹgbẹ́ Williams nínú Formula 1. Tí ẹ bá tan án, agbára ẹṣin 400 péré ló máa kọ́kọ́ yọ̀ǹda. Ẹ ní láti tẹ bọ́tìnnì kí ìyókù tó jáde. Àgbàyanu ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ olówó ni, owó àtúnṣe rẹ̀ kì í sinmi.

Kí ló wà nínú M5 tuntun yìí?

G90 ni orúkọ ìran rẹ̀. V8 lítà 4.4 tó ní tọ́bò méjì wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, agbára ẹṣin 585 ni òun nìkan ń mú wá. Nínú ilé jíà fúnra rẹ̀ ni wọ́n tọ́jú ẹ̀rọ iná mànàmáná kan sí, tí agbára ẹṣin tirẹ̀ jẹ́ 197. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 727. Ẹ má ro 585 pọ̀ mọ́ 197 kí ẹ sì ní wọ́n purọ́: ibi tí ọ̀kan ti lágbára jù kọ́ ni èkejì ti lágbára jù. Bátìrì tó ń bọ́ ọ wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, kWh 18.6 ni ohun tí ẹ lè lò nínú rẹ̀, ẹ sì lè kì í mọ́ iná nílé. Bátìrì nìkan lè gbé e lọ díẹ̀ sí i ju kìlómítà 65 lọ gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n Yúróòpù, ó sì lè fi iná nìkan sá dé 140 ní wákàtí kan. Jíà mẹ́jọ tó ń yí fúnra rẹ̀ ló ní. Ní Jámánì, 144,000 yúrò ni iye rẹ̀ nígbà tó jáde.

Ṣé òótọ́ ni pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀?

Òótọ́ ni. BMW fúnra wọn kọ ọ́ pé kìlógíráàmù 2,435 ni, kí awakọ̀ tó wọlé. E28 jẹ́ nǹkan bíi 1,430. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín bàbá àtọmọ jẹ́ àpò sìmẹ́ńtì ogún, ó sì lé díẹ̀.

Kì í ṣe bátìrì nìkan ló fà á. Ọkọ̀ náà ti gùn láti 4,620 mílímítà dé 5,096, ó kù díẹ̀ kó fi ìdajì mítà ju bàbá ńlá rẹ̀ lọ. Ẹ fi ohun ààbò kún un, táyà ńláńlá, bíréèkì tó lè dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dúró, ẹ̀rọ tó ń yí táyà ẹ̀yìn. Ìwọ̀n ń bí ìwọ̀n: tí ẹ bá fi bátìrì sí i, ẹ gbọ́dọ̀ mú ara ọkọ̀ le sí i láti gbé bátìrì.

Pẹ̀lú agbára 727, ṣé kò wá yá ju gbogbo àwọn tó ṣáájú lọ?

Láti ibi ìdúró dé kìlómítà 100 ní wákàtí kan, kò yá ju gbogbo wọn lọ. BMW ní ìṣẹ́jú àáyá 3.5 ni. F90 tó ṣáájú rẹ̀, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 600 nígbà tó jáde, lo 3.4. F90 Competition tó ní 625 lo 3.3. M5 CS ti ọdún 2021, tó ní 635, lo 3.0 péré. Agbára tí wọ́n fi kún ti tuntun, ìwọ̀n tí wọ́n fi kún un ti jẹ ẹ́ tán.

Èmi ò ka ìdajì ìṣẹ́jú àáyá sí ohun tó yẹ kí èèyàn torí rẹ̀ sunkún. Kò sí títì tí ẹ ti máa mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo kà sí ni pé ìgbà tí M5 tuntun bá ti jáde, a ti mọ́ wa lára pé ó máa fi èyí tó ṣáájú sẹ́yìn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ki iná mànàmáná sí i nígbà náà?

Òfin ni. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń wo ìpíndọ́gba èéfín gbogbo ọkọ̀ tuntun tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá tà lọ́dún. Ẹni tó bá kọjá ààlà tí wọ́n fún un máa san yúrò 95 lórí gíráàmù kọ̀ọ̀kan tó fi lé, wọ́n á sì sọ ọ́ di ìlọ́po iye ọkọ̀ tó tà. V8 lásán tó ń tú èéfín tó ju gíráàmù 200 lọ lórí kìlómítà kan jẹ́ gbèsè sí ọrùn ilé iṣẹ́. Torí pé bátìrì wà nínú G90, iye tí wọ́n kọ sínú ìwé lẹ́yìn ìdánwò kò tó 40 nígbà tó jáde ní 2024, torí ìdánwò ìgbà náà gbà pé oníọkọ̀ á máa kì í mọ́ iná déédéé.

Èyí ni mo fi ń dá àwọn tó ń bínú sí àwọn ẹnjiníà lóhùn. Wọ́n lè mú sìlíńdà mẹ́rin kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, tàbí kí wọ́n pa V8 mọ́ kí ó sì wúwo. Mercedes-AMG, ẹ̀ka ọkọ̀ eléré ti Mercedes, yan sìlíńdà mẹ́rin pẹ̀lú iná fún C63 wọn, agbára ẹṣin rẹ̀ sì dé 680, síbẹ̀ àwọn tó fẹ́ràn V8 kọ̀ ọ́ sílẹ̀. BMW yan V8. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n yàn dára ju èkejì lọ.

Ṣé ó ṣì ń rìn bí M5?

Lórí ọ̀nà gbalasa, bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń rìn ju M5 àtijọ́ èyíkéyìí lọ. Irú ọ̀nà Autobahn tí kò ní ààlà eré ni wọ́n ṣe é fún. Tí ẹ bá sanwó fún àfikún tó ń ṣí ààlà sókè, ó lè dé 305 ní wákàtí kan, pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin àti ẹrù wọn nínú rẹ̀. Wọ́n tún fi bọ́tìnnì sílẹ̀ tí ẹ lè fi pa iwájú tì kó jẹ́ táyà ẹ̀yìn nìkan lá máa fà á, bíi ti àtijọ́. Táyà ẹ̀yìn ń yí ní ìwọ̀n díẹ̀ láti ran iwájú lọ́wọ́ ní kọ́nà, bátìrì tó sì wà nísàlẹ̀ ń fa ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

Lójú ọ̀nà tóóró tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ ni ìṣòro wà. Kò sí ẹ̀rọ tó lè pa ìwọ̀n rẹ́. Ẹ fi í wé M5 CS tó jẹ́ nǹkan bíi 1,825: ní eré kan náà, iṣẹ́ tí bíréèkì G90 máa ṣe kó tó dúró fi ìdá kan nínú mẹ́ta ju ti CS lọ. Táyà náà ń ru ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn ní gbogbo kọ́nà. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ láti fi bò ó, ó sì ń ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí táyà ń sọ fún ọwọ́ awakọ̀ ti rọlẹ̀. Ibí yìí ni mo ti gbà pé tuntun kò tó àwọn bàbá rẹ̀.

Ojú rẹ̀ ńkọ́?

Kò dùn mọ́ mi nínú. Ó fi mílímítà 70 fẹ̀ ju BMW 5 lásán lọ, èjìká rẹ̀ yọ síta, ẹnu imú iwájú ń tàn lálẹ́. Ẹni tó rí i ní òkèèrè ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ìwà ìbora tó jẹ́ ẹwà E28, E34 àti E39 ti lọ.

Àmọ́ ìbora mìíràn wà tí wọ́n fún un tí àwọn tó ń bú u kì í mẹ́nu bà. Ẹ lè jí ní aago márùn-ún ìdájí, kí ẹ wakọ̀ jáde ní àdúgbò pẹ̀lú iná nìkan, kí ajá gan-an má gbó. Ẹ lè la ìlú já láìdún, kí ẹ dé ọ̀nà márosẹ̀, kí V8 tó jí. Ọkọ̀ agbára ẹṣin 727 tó lè rìn bí ẹni tí kò sí níbẹ̀! Nínú gbogbo ohun tí bátìrì ṣe, èyí nìkan ni mo gbà pé ó bá ẹ̀mí M5 mu dọ́kán.

Ohùn rẹ̀ àti jíà ọwọ́ ńkọ́?

Jíà ọwọ́ ti lọ, kò ní padà. Ní ti ohùn, tọ́bò ti ń pa igbe ẹ́ńjìnnì láti ìgbà F10, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu sípíkà inú ọkọ̀ fi kún un. Ẹni tó bá fẹ́ orin, kó wá E60 lọ.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n tún ṣe oníbùútù gígùn?

Bẹ́ẹ̀ ni, M5 Touring ni wọ́n ń pè é, ó sì wà ní Amẹ́ríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. E34 àti E60 nìkan ló ti ní irú rẹ̀ rí. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ ra G90, òun ni màá rà: tí ọkọ̀ bá ti máa wúwo, kó kúkú gbé ẹrù.

Ẹ má fọ̀rọ̀ sẹ́nu mọ́: ṣé ó jẹ́ ọmọ ìdílé, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó jẹ́ ọmọ ìdílé. Ó ń gbé ìdílé, ó ń rìn bí ìjì, ẹ sì lè lò ó lójoojúmọ́ ju èyíkéyìí nínú àwọn tó ṣáájú lọ. Ohun tó sọnù ni ìfúyẹ́ àti ìtìjú ojú, àwọn nǹkan méjèèjì yìí kò sì kéré. Tí ẹ bá ní kí n mú M5 kan tí ogún náà pé sí lára láàárín ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, M5 CS ni màá nawọ́ sí: wọ́n dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, àga mẹ́rin tó dá dúró ló wà nínú rẹ̀, ọdún kan péré ni wọ́n sì fi ṣe é. Ó fi hàn pé kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe ló ń yọ BMW M lẹ́nu.

Ṣé ó ṣeé gbé wá sí Nàìjíríà?

Ó ṣeé gbé wá, kò sì ní jẹ́ ìgbádùn tó yẹ kó jẹ́. Táyà 20 níwájú, 21 lẹ́yìn, tí rọ́bà wọn tín-ínrín, kò fẹ́ràn kòtò. Tí iná NEPA kò bá sì dúró tí ẹ lè fi gba agbára sínú bátìrì lálaalẹ́, ẹrù lásán lẹ ń fi epo gbé kiri.

Mo rí M5 tòkunbọ̀ kan ní ọjà. Kí ni kí n wò kí n tó sanwó?

Tó bá jẹ́ E60, ẹ béèrè ìwé iṣẹ́ tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ béárìn tó wà láàárín kíráńkì àti ọ̀pá písítọ̀nù. Ó tètè máa ń jẹ, tó bá sì jẹ tán, ẹ́ńjìnnì lọ nìyẹn. Ẹ wo bí SMG, jíà tí ẹ̀rọ ń bá awakọ̀ yí, ṣe ń wọlé nígbà tí ọkọ̀ bá gbóná, torí pọ́ǹpù rẹ̀ wọ́n. Tó bá jẹ́ E39, ẹ tan án nígbà tó tutù, kí ẹ fetí sí iwájú ẹ́ńjìnnì: tí ẹ bá gbọ́ ohun tó ń dún kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, VANOS (ẹ̀rọ tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà) tàbí ohun tó ń tọ́ ṣéènì sọ́nà ló ń ké. Ẹ mú mẹkáníìkì tó mọ BMW dání, kó yọ ìdí ọ́ìlì wò bóyá irin ń dán nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ kọ́kọ́ ka nọ́ńbà ṣásì, torí 530i àti 545i tí wọ́n ti fi bọ́ńpà àti àmì M5 ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ pọ̀ lọ́jà. WBS ni nọ́ńbà M5 ògidì máa fi bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá rí WBA, BMW 5 lásán ni, kí ẹ sì fún un ní owó BMW 5.